Gígun òkè Yr Wyddfa ní Eryri: ọ̀nà wo ni ó yẹ wá, kí ni a sì lè rí nítòsí rẹ̀?

Adérìn kọ̀wé:

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Èmi àti ìyàwó mi ń gbèrò láti lọ sí ọgbà ìpamọ́ orílẹ̀-èdè Eryri ní àríwá Wales ní ìparí oṣù Karùn-ún, kí a lè gun òkè Yr Wyddfa tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣì ń pè ní Snowdon. Àbúrò mi ọkùnrin, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ le dáadáa, yóò bá wa lọ. Màmá wa náà yóò wà pẹ̀lú wa, ṣùgbọ́n orúnkún wọn kò gba ìrìn gígùn mọ́. Mo ti kà pé ọ̀nà mẹ́fà pàtàkì ni ó dé orí òkè náà, àmọ́ bí mo bá ti ka àlàyé kan tán, èyí tí ó tẹ̀ lé e a tún tako ó.

Mo fẹ́ mọ ọ̀nà tí ó bá ẹni tí ó ń rìn déédéé mu, ṣùgbọ́n tí kò tíì gun òkè gíga rí. Mo sì tún fẹ́ mọ ohun tí màmá lè ṣe nígbà tí àwa bá wà lórí òkè, àti ohun tí gbogbo wa lè jọ lọ wò ní àyíká ibẹ̀ ní ọjọ́ kejì. Ọkọ̀ wa ni a óò gbé lọ.

Arìnkè fèsì:

Ẹ kú ìmúra ìrìn àjò, ọ̀gbẹ́ni Adérìn. Yr Wyddfa ga tó mítà 1,085. Òun ni ó ga jù ní gbogbo Wales, kò sì sí òkè kankan ní Íńgílándì tí ó ga tó o. Àmọ́ kì í ṣe gíga rẹ̀ nìkan ni ẹ óò fi díwọ̀n iṣẹ́ tí ó wà níwájú yín, nítorí ibi tí ẹ bá ti bẹ̀rẹ̀ ni yóò pinnu bí ẹ óò ṣe gùn tó. Pen-y-Pass, níbi tí ọ̀nà Pyg àti ọ̀nà Miners ti bẹ̀rẹ̀, ti fi nǹkan bíi mítà 360 ga ju òkun lọ, nítorí náà ohun tí ó kù láti gùn kò ju nǹkan bíi mítà 720 lọ. Ẹni tí ó bá gba ọ̀nà Watkin láti Nant Gwynant yóò gùn ju mítà 1,000 lọ, òun sì ni ó ń gba agbára jù nínú àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. William Gladstone, tí ó jẹ́ olórí ìjọba Bìrìtìkó, ni ó ṣí ọ̀nà náà ní ọdún 1892 nígbà tí ó ti pé ẹni ọdún 82, orí àpáta kan ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ni ó sì ti bá àwọn ènìyàn sọ̀rọ̀. Ẹ má jẹ́ kí ìyẹn tàn yín jẹ o. Kò gun òkè náà dé òkè pátápátá.

Ìmọ̀ràn tèmi ni pé kí ẹ gba Pyg gòkè, kí ẹ sì gba Miners sọ̀ kalẹ̀. Pyg kì í fi àkókò ṣòfò kí ó tó dojú kọ òkè. Òkúta rẹ̀ pọ̀, àwọn ibì kan sì wà tí ẹ óò ti fi ọwọ́ di àpáta mú díẹ̀, ó sì sàn kí ẹ ṣe èyí nígbà tí ara ṣì le ju kí ẹ máa bá a sọ̀ kalẹ̀ nígbà tí ẹsẹ̀ ti ń gbọ̀n. Ní ti Miners, àwọn awakùsà bàbà ni wọ́n là á fún ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ìdí nìyẹn tí ó fi fẹ̀ tí ó sì tẹ́jú. Ẹ óò gba etí adágún omi mẹ́ta kọjá: Glaslyn tí àpáta gíga yí ká, Llydaw, tí wọ́n kó òkúta dí kí ọ̀nà lè gba orí rẹ̀ kọjá ní ọdún 1853, àti Teyrn tí ó kéré jù, níbi tí ògiri ilé tí àwọn òṣìṣẹ́ náà ń sùn ṣì dúró sí. Mo mọ̀ pé ẹnì kan yóò sọ pé ọ̀nà Llanberis ni ó rọrùn jù. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn òkè náà ni ẹ óò máa rìn lórí, ẹ kò sì ní rí àwọn ògiri àpáta ìhà ìlà-oòrùn tí ó mú kí òkè yìí gbajúmọ̀.

Ìyá Wúràọlá fèsì:

Mo kí gbogbo yín. Arìnkè sọ òótọ́ nípa àwọn adágún omi, ṣùgbọ́n ó ti gbàgbé màmá sílẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ náà. Bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ láti Pen-y-Pass, kí ni ìyá yóò máa ṣe níbẹ̀ láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́? Ibi ìgbọ́kọ̀sí, ilé tí a ti ń ra tíì, ilé ìbùsùn àwọn arìnrìn-àjò àti afẹ́fẹ́ ni ó wà níbẹ̀. Ẹ kò tilẹ̀ lè kàn gbé ọkọ̀ débẹ̀ ní àkókò tí èrò máa ń pọ̀, nítorí ẹni tí ó bá ti sanwó ààyè sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì nìkan ni wọ́n ń gbà wọlé.

Llanberis ni kí ẹ fi ṣe ibùdó. Láti ibẹ̀ ni rélùwéè ti ń gun òkè náà láti ọdún 1896. Irin eléyín kan wà láàárín ojú irin rẹ̀, èyí tí àgbá eléyín lábẹ́ ẹ́ńjìnnì máa ń bá wọnú ara wọn, kí ọkọ̀ má baà yọ̀ padà sẹ́yìn. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́ gan-an tí wọ́n ṣí i, ẹ́ńjìnnì kan kúrò lójú irin, ó já sí ìsàlẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn èrò tí ó fò jáde sì kú. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fi irin mìíràn kún un tí ó ń di ọkọ̀ mú mọ́lẹ̀. Mo sọ èyí kí ẹ lè mọ̀ pé ìṣọ́ra wọn kì í ṣe ti ẹnu lásán: bí ìjì bá le, Clogwyn, ibùdókọ̀ kan nísàlẹ̀ orí òkè, ni ọkọ̀ yóò dúró sí, kò ní dé òkè, kò sì sí ẹ̀bẹ̀ tí ẹ lè bẹ̀ wọ́n. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún pàápàá, wọn kì í tíì máa dé òkè, nítorí náà kí ẹ wo ìkéde wọn kí ẹ tó sanwó. Kìlómítà 7.5 ni ojú irin náà, ó máa ń gbà tó wákàtí kan láti gòkè, wọn a sì dúró fún nǹkan bíi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí wọ́n tó kó àwọn èrò kan náà padà.

Ní orí òkè náà ni Hafod Eryri wà, ilé òkúta tí wọ́n ṣí ní ọdún 2009, tí ó ní ibi ìjẹun àti ilé ìyàgbẹ́. Ẹ̀yin ẹ gba ọ̀nà ẹsẹ̀ Llanberis, tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ojú irin rìn láti ìsàlẹ̀ dé òkè, kí màmá wọ ọkọ̀, kí ẹ sì pàdé lókè. Àlọ àti àbọ̀ ọ̀nà yìí jẹ́ nǹkan bíi kìlómítà 14.5, wákàtí mẹ́fà sì tó fún un. Bí màmá bá ti jókòó nínú ilé kí ẹ tó fi òógùn dé, ẹ ti mọ ẹni tí yóò máa fi yín ṣe yẹ̀yẹ́ títí di ọdún tí ń bọ̀.

Olùkọ́ Ìmọ̀-Ilẹ̀ fèsì:

Ẹ jẹ́ kí n mú ọjọ́ kejì wá sínú ọ̀rọ̀, nítorí gbogbo yín ti dojú kọ orí òkè. Bí ó bá jẹ́ ibì kan ṣoṣo ni ẹ lè lọ ní Eryri lẹ́yìn Yr Wyddfa, kí ó jẹ́ Cwm Idwal ní àfonífojì Ogwen, tí ó wà lẹ́bàá ọ̀nà títì A5 láàárín Bethesda àti Capel Curig. Òun ni àkọ́kọ́ nínú àwọn ibi tí ìjọba yà sọ́tọ̀ gẹ́gẹ́ bí ibi ìpamọ́ ohun abẹ̀mí ti orílẹ̀-èdè ní Wales, ní ọdún 1954. Láti ibi ìgbọ́kọ̀sí dé etí adágún omi Idwal kò tó kìlómítà méjì, òkúta ni wọ́n sì fi tẹ́ ojú ọ̀nà náà. Ó gòkè díẹ̀, nítorí náà kí màmá máa rìn ín wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ pẹ̀lú ọ̀pá, bí orúnkún wọn bá gbà.

Ohun tí ó mú ibẹ̀ ṣe pàtàkì ni pé yìnyín ni ó gbẹ́ ẹ. Nígbà tí òtútù gba gbogbo ilẹ̀ yìí, yìnyín tí ó nípọn gan-an kó jọ sí àárín àwọn òkè náà, ìwọ̀n rẹ̀ mú kí ó máa rọra ṣàn sọ̀ kalẹ̀, ó ń ha àpáta, ó ń fa òkúta tu, títí tí àyè náà fi rí bí àwokòtò tí a gbẹ́ sínú òkè. Nígbà tí yìnyín náà yọ́, ó fi àwọn òkìtì òkúta tí ó ń gbé bọ̀ sílẹ̀ sí etí adágún omi, wọ́n sì wà níbẹ̀ títí di òní. Lára àwọn àpáta tí ẹ óò kọjá, ẹ óò rí ìlà tí àwọn òkúta inú yìnyín ha sí i.

Charles Darwin wá síbẹ̀ ní ọdún 1831 pẹ̀lú Adam Sedgwick, ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ìmọ̀ nípa àpáta. Wákàtí púpọ̀ ni wọ́n fi yẹ àpáta wò, wọ́n ń wá òkú ohun abẹ̀mí ayé àtijọ́ tí ó ti di òkúta. Kò sí ẹni tí ó kíyè sí iṣẹ́ yìnyín nínú wọn, bẹ́ẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ wà níwájú wọn gbangba. Lẹ́yìn tí Louis Agassiz, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, ti ṣàlàyé fún ayé pé yìnyín ti bo ilẹ̀ púpọ̀ rí ni Darwin padà wá ní ọdún 1842, tí ó sì rí i kedere. Mo máa ń ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ dúró sí etí omi náà, kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n rí sílẹ̀ kí n tó sọ ohunkóhun, nítorí ojú a máa fo ohun tí ẹnikẹ́ni kò tíì kọ́ ọ láti wò.

Bí ẹ bá gbé ojú sókè, ẹ óò rí Twll Du, ojú àpáta dúdú tí omi ń ṣẹ̀ jáde láti inú rẹ̀. Ní àwọn ibi gíga bẹ́ẹ̀ ni òdòdó funfun kékeré kan ń hù, èyí tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní lili Yr Wyddfa. Ní gbogbo Bìrìtìkó, Eryri nìkan ni ó wà, ìparí oṣù Karùn-ún sí oṣù Kẹfà sì ni ó máa ń tanná. Ẹ fi awò tí ń mú ọ̀nà jíjìn súnmọ́ni wò ó láti ìsàlẹ̀. Ẹ má gun àpáta náà tọ̀ ọ́ lọ.

Òkè-Ìdákẹ́jẹ́ fèsì:

Èmi kò bá yín jà, àmọ́ ẹnikẹ́ni kò tíì sọ fún ọ̀gbẹ́ni yìí pé ó ju ìdajì mílíọ̀nù ènìyàn lọ tí ń gun Yr Wyddfa lọ́dún. Bí ọjọ́ Sátidé bá mọ́ rekete ní ìparí oṣù Karùn-ún, orí ìlà ni ẹ óò ti dúró de àyè láti fọwọ́ kan òpó tí ó wà ní ṣóńṣó òkè náà. Bí ẹ bá gbọdọ̀ gùn ún, ẹ lọ ní ọjọ́ iṣẹ́, tàbí kí ẹ gba ọ̀nà Rhyd Ddu láti ìwọ̀-oòrùn, níbi tí èrò kò ti pọ̀. Ibùdókọ̀ rélùwéè kejì wà níbẹ̀, èyí tí ó ń ti Caernarfon lọ sí Porthmadog, tí ó sì gba Beddgelert àti ọ̀nà tóóró Aberglaslyn kọjá. Ẹnì kan lè bá màmá wọ ọkọ̀ náà lọ sí Beddgelert nígbà tí àwọn yòókù bá ń gun òkè.

Ní Beddgelert, wọn yóò fi ibojì ajá kan hàn yín. Ìtàn tí wọ́n ń sọ ni pé ọmọ ọba Llywelyn ti oko ọdẹ dé, ó bá ẹ̀jẹ̀ lẹ́nu ajá rẹ̀ Gelert, kò sì rí ọmọ rẹ̀ nínú ibùsùn, ló bá gún ajá náà pa, kí ó tó rí ọmọ náà láàyè lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkú ìkookò tí ajá ti pa. Ìtàn náà dun ènìyàn, ṣùgbọ́n ohun tí àwọn òpìtàn gbà ni pé onílé ìtura kan ní ìparí ọ̀rúndún kejìdínlógún ni ó gbé ibojì náà kalẹ̀ kí èrò lè máa wá. Ọgbọ́n ajé rẹ̀ pọ̀. A ṣì ń lọ.

Adérìn kọ̀wé:

Ẹ ṣé púpọ̀, ìyá wa, olùkọ́ wa, àti gbogbo yín. Ìyàwó mi ti ka gbogbo rẹ̀, ó ní ti màmá ni ká kọ́kọ́ yanjú, mo sì fara mọ́ ọn. Ohun méjì ni ó kù. Àbúrò mi ti wo fídíò Crib Goch lórí fóònù rẹ̀, ó sì ní ọ̀nà yẹn ni òun yóò gbà nígbà tí àwa bá ń gba Pyg. Bákan náà, tí ìkùukùu bá bo òkè, ṣé máàpù orí fóònù tó láti fi mọ ọ̀nà?

Ará Bangor fèsì:

Ẹ̀gbọ́n Adérìn, ẹ kú àfojúsọ́nà. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dáhùn ti àbúrò yín: kí ó má ṣe é. Crib Goch kì í ṣe ọ̀nà ìrìn. Òkè tóóró ni, tí ọ̀gbun wà ní ọ̀tún àti òsì rẹ̀, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ni a fi ń rìn ín. Ẹni tí ó ti mọ gígun àpáta, tí ó bá ẹni tí ó mọ ibẹ̀ lọ ní ọjọ́ tí afẹ́fẹ́ kò sí, ni ó wà fún. Ìṣòro rẹ̀ tún ni pé ara ọ̀nà Pyg ni ó ti yà, ní Bwlch y Moch, àwọn kan a sì ṣèèṣì tẹ̀ lé èrò tí ó wà níwájú wọn gòkè lọ síbẹ̀. Bí ẹ bá dé ibẹ̀, ẹ má tẹ̀ lé èrò, ẹ tẹ̀ lé àmì Pyg. Bí ọ̀nà bá ti ń gòkè ṣánṣán sí ọwọ́ ọ̀tún yín, ẹ padà.

Ní ti ìkùukùu, fóònù dára, ṣùgbọ́n òtútù àti òjò a máa tètè pa bátìrì rẹ̀, nẹ́tíwọọ̀kì sì máa ń lọ ní àwọn àfonífojì wọ̀nyẹn. Ẹ ra máàpù bébà OL17 ti Ordnance Survey, àjọ tí ń ya máàpù ní Bìrìtìkó, kí ẹ mú un dání pẹ̀lú kọ́ńpáàsì, kí ẹnì kan nínú yín sì ti mọ̀ ọ́n lò kí ẹ tó kúrò nílé. Ibi tí àwọn ènìyàn ti sábà máa ń ṣìnà ni Bwlch Glas, nísàlẹ̀ orí òkè díẹ̀, níbi tí ọ̀nà mẹ́rin ti pàdé. Òkúta gíga kan dúró níbẹ̀ tí ó ń fi hàn pé ibẹ̀ ni ẹni tí ń bọ̀ láti òkè yóò ti yà sí ọ̀tún fún Pyg àti Miners. Bí ẹ bá ń lọ sí Llanberis, ẹ má yà. Ẹ jẹ́ kí ojú irin wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín.

Arìnkè, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi àlàyé kan kún ohun tí ẹ sọ nípa Miners. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni ó tẹ́jú. Láti ibi tí ó ti yà kúrò lára Pyg títí dé Glaslyn, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni, òkúta sì ń yẹ̀ lábẹ́ bàtà, èmi kò sì lè pè é ní ọ̀nà ìsọ̀kalẹ̀ tí ó rọrùn fún ẹni tí kò tíì gun òkè rí.

Ẹ wọ bàtà tí ó di ọrùn ẹsẹ̀ mú, ẹ kó aṣọ òjò, aṣọ òtútù kan ní àfikún, oúnjẹ, omi àti tọ́ọ̀ṣì, bí oòrùn tilẹ̀ ń ràn ní Llanberis. Orí òkè sábà máa ń fi nǹkan bíi ìwọ̀n Sẹ́ṣíọ́ọ̀sì mẹ́fà tutù ju ìsàlẹ̀ lọ, kí a tó wá sọ ti afẹ́fẹ́. Bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, ẹ pe 999, ẹ ní kí wọ́n fún yín ní ọlọ́pàá, kí ẹ sì bèèrè àwọn agbanilà orí òkè. Bí fóònù kò bá ṣiṣẹ́, ẹ fọn fèrè lẹ́ẹ̀mẹfà láàárín ìṣẹ́jú kan, ẹ dákẹ́ fún ìṣẹ́jú kan, ẹ tún fọn ọ́n. Àwọn tí yóò wá gbà yín kì í gba owó oṣù fún un. Ibi iṣẹ́ wọn tàbí orí ibùsùn ni wọ́n ti máa ń dìde wá.

Arìnkè fèsì:

Mo gba àfikún yẹn. Nígbà náà, ẹ jẹ́ kí a pa ọ̀rọ̀ mi àti ti Ìyá Wúràọlá pọ̀: ẹ fi ọkọ̀ yín sílẹ̀ ní Llanberis, ẹ wọ bọ́ọ̀sì Sherpa'r Wyddfa lọ sí Pen-y-Pass ní kùtùkùtù, ẹ gba Pyg gòkè, ẹ pàdé màmá ní òkè, kí ẹ sì bá ọ̀nà Llanberis sọ̀ kalẹ̀ tààrà sí ibi tí ọkọ̀ yín wà. Ìhà méjèèjì òkè náà ni ẹ óò rí, ẹ kò sì ní nílò ààyè ìgbọ́kọ̀sí ní Pen-y-Pass rárá.

Ìyá Wúràọlá fèsì:

Ọ̀rọ̀ ti dọ́gba báyìí. Kí ẹnì kan bá màmá wọ ọkọ̀ ojú irin o, kí wọ́n má dá nìkan lọ. Ìyàwó Adérìn tàbí àbúrò rẹ̀ tí ó ń wá Crib Goch. Bí ọkọ̀ bá sì ti gbé wọn padà dé Llanberis ṣáájú yín, wọn kò ní jókòó lásán. Dolbadarn wà níbẹ̀, ilé olódi tí Llywelyn Ńlá kọ́ ní ọ̀rúndún kẹtàlá, tí ilé ìṣọ́ rẹ̀ roboto ṣì dúró lókè adágún omi Padarn. Ní òdìkejì omi náà ni ibi tí wọ́n ti ń wa òkúta pẹlẹbẹ ìbolé ní Dinorwig, tí iṣẹ́ dáwọ́ dúró níbẹ̀ ní ọdún 1969. Àjọ UNESCO fi àwọn ilẹ̀ òkúta wọ̀nyí sínú àkọsílẹ̀ ogún àgbáyé ní ọdún 2021. Ilé àkójọ ohun àtijọ́ tí ó wà níbẹ̀ ti ìlẹ̀kùn fún àtúnṣe ní oṣù Kọkànlá ọdún 2024, nítorí náà kí ẹ bèèrè bóyá ó ti ṣí kí ẹ tó mú màmá lọ.

Adérìn kọ̀wé:

A ti fẹnu kò. Ìyàwó mi ni yóò bá màmá wọ ọkọ̀ ojú irin. Ó ní kì í ṣe pé òun ń sá fún òkè. Èmi àti àbúrò mi yóò gba Pyg, a óò sì lọ ní ọjọ́ iṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí Òkè-Ìdákẹ́jẹ́ ti sọ. Ọjọ́ kejì jẹ́ ti Cwm Idwal, bí òjò bá sì le, a ó lọ sí Beddgelert lọ kí Gelert. Aago mélòó ni ó yẹ kí a wọ bọ́ọ̀sì, kí a lè bá ọkọ̀ màmá pàdé lókè?

Ará Bangor fèsì:

Ẹ kọ́kọ́ ra tíkẹ́ẹ̀tì rélùwéè, nítorí òun ni ó ṣòro jù láti yí padà, kí ẹ sì mú ti ọ̀sán díẹ̀. Ẹ wá kà á sẹ́yìn: ẹ fún ara yín ní wákàtí mẹ́rin láti Pen-y-Pass dé òkè, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í lò tó bẹ́ẹ̀, kí ẹ sì wọ bọ́ọ̀sì tí ó ṣáájú èyí tí ẹ rò pé ó tó. Àtẹ àkókò bọ́ọ̀sì náà máa ń yí padà láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn sí ìgbà òtútù, ẹ wo ti oṣù Karùn-ún gan-an. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ni ọkọ̀ màmá yóò fi dúró lókè. Bí ẹ bá pẹ́, wọn kò ní dúró dè yín, kí ẹ ti bá wọn sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ pé Llanberis ni ẹ óò ti pàdé.